Ohun Tí Ìwé Àwọn Ọmọ Tó Pẹ́ Dé Kọ́ Mi Nípa Ìbọn

Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó yí Abuja ká, mo sì ti lo mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Kwali, lójú ọ̀nà tó ti Abuja lọ sí Lokoja. Lẹ́yìn ìṣirò, iṣẹ́ kejì tí wọ́n fún mi ni pé kí n máa dúró ní ẹnu géètì láàárọ̀, kí n máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tó bá pẹ́ dé sínú ìwé kan, kí n sì jẹ wọ́n níyà. Mo mọ iṣẹ́ náà ṣe. Kò sí ọmọ tó lè fi irọ́ gba iwájú mi kọjá, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi a sì máa fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí mo bá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀run, èèyàn díẹ̀ ni yóò rí ibẹ̀ wọ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ọmọbìnrin kan ní JSS 2, ọmọ Gbagyi tí ilé wọn wà lẹ́yìn odò kékeré tó ṣàn kọjá ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa, pẹ́ dé ní ọjọ́ mẹ́ta léra. Kì í ṣe ọmọ tó máa ń pẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo bi í léèrè ohun tó dé, ó sì ní àwọn kò gba ọ̀nà abẹ́ igi emi mọ́, pé ọ̀nà títì tó jìn ni ìyá àwọn ní kí àwọn máa gbà, nítorí pé àwọn ọkùnrin kan tí àwọn kò mọ̀ rí máa ń gbé ọ̀kadà sábẹ́ igi náà láàárọ̀, wọ́n sì máa ń bi àwọn ọmọdé léèrè pé ta ló ni ilé báyìí, ta ló ni ilé báyìí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá jìn a máa tètè jí, mo sì ní kó kúnlẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀, kíláàsì rẹ̀, àti aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìwé náà kò ní àyè fún ohun mìíràn.

Ní òru ọjọ́ karùn-ún, àwọn agbébọn wọ àwọn ilé tó wà lẹ́yìn odò. Wọ́n kó èèyàn mẹ́rin lọ, àbúrò ìyá ọmọ yẹn sì wà nínú wọn. A gbọ́ ìró ìbọn láti ilé tí mò ń gbé. Ọkọ mi pa iná, a sì dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú àwọn ọmọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni àwọn tí wọ́n kó lọ lò nínú igbó kí àwọn ẹbí tó rí owó kó jọ. Nígbà tí ọmọbìnrin náà padà sí ilé ẹ̀kọ́, kò fi ojú burúkú wò mí, ó sì ṣeé ṣe kó máà rántí ìkúnlẹ̀ yẹn mọ́. Èmi ni mo ń rántí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìròyìn ìkọlù sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́nà mìíràn. Tẹ́lẹ̀, iye ọmọ tí wọ́n kó lọ ni mo máa ń wò. Ní báyìí, ohun tí mo máa ń wá ni ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ àti ẹni tó sọ fún. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014 tí wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok, àjọ Amnesty International sọ ní oṣù tó tẹ̀ lé e pé àwọn aláàbò ti gbọ́ ìkìlọ̀ ní ohun tó lé ní wákàtí mẹ́rin kí àwọn agbébọn tó dé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 tí wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Maga, tí wọ́n pa igbákejì ọ̀gá àgbà ibẹ̀, tí wọ́n sì kó ọmọ 25 lọ, gómìnà ìpínlẹ̀ Kebbi fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba pé ìròyìn ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Àárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì lé ní ọdún mọ́kànlá. Mi ò ní ọgbọ́n ológun, mi ò sì lè sọ ohun tó yẹ kí ọ̀gágun ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí olùkọ́ tó wà ní ẹnu géètì ṣe nígbà tí ìkìlọ̀ tirẹ̀ dé: ó jẹ ìkìlọ̀ náà níyà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìjínigbé ẹ̀yìn odò yẹn ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2022, ọ̀rọ̀ di ariwo ní yàrá olùkọ́. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ní Kagara, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2021, tí wọ́n sì tún kó àwọn ọmọ kéwú kéékèèké ní Tegina ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ìpínlẹ̀ Niger tí ìlú méjèèjì wà sì pààlà pẹ̀lú wa. Àwọn kan ní kí á bẹ ìjọba kí wọ́n fi sójà sí ẹnu géètì. Olùkọ́ kan tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn olùkọ́ ọkùnrin máa gbé ìbọn ṣakabùlà wá síbi iṣẹ́, pé ọdẹ ni bàbá òun, òun mọ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Mo kọ́kọ́ fẹ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹlòmíràn ló rán wa létí Birnin Yauri ní ìpínlẹ̀ Kebbi, níbi tí ọlọ́pàá wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí àwọn agbébọn sì pa ọ̀kan nínú wọn kí wọ́n tó kó àwọn ọmọ lọ. Bí ẹni tí ìjọba kọ́ ní ìbọn yínyìn kò bá lè dá wọn dúró, kí ni ṣakabùlà tí a gbọ́dọ̀ ki ẹ̀tù sí lẹ́nu kí ó tó dún lẹ́ẹ̀kan yóò ṣe níwájú ogúnlọ́gọ̀ èèyàn tó gbé AK-47? Mo sì tún ro ìbọn ọ̀hún bó ṣe máa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá olùkọ́ tí kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀ ti sọnù láti ọdún 2017, tí àwọn ọmọ ọgọ́rùn-ún mẹ́fà yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èrò yẹn ló mú mi kúrò lẹ́yìn wọn.

Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Texas. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa ọmọ mọ́kàndínlógún àti olùkọ́ méjì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Uvalde, òun ló pè mí lálẹ́, a sì jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ tiwọn àti tiwa kò jọra rárá: lọ́dọ̀ tiwa, inú igbó ni ìbọn ti ń wá, owó ni ẹni tó gbé e ń wá, lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ló sábà máa ń gbé e, kì í sì í béèrè owó. Ṣùgbọ́n ó sọ ìtàn kan fún mi tí kò kúrò lọ́kàn mi, ti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Oxford ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin níbẹ̀, olùkọ́ kan ti rí i pé ó ya àwòrán ìbọn sórí ìwé iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Wọ́n pe àwọn òbí rẹ̀, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, wọ́n sì dá ọmọ náà padà sí kíláàsì pẹ̀lú báàgì rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ìbọn tí bàbá rẹ̀ rà ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ló wà nínú báàgì yẹn. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ dá àwọn òbí méjèèjì lẹ́bi. Orí ìwé ìṣirò ni! Èmi tí mo ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí àmì òtítọ́ àti àṣìṣe nìkan ni mo máa ń wò lórí rẹ̀, mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kẹta ọdún 2022, mo fi rúlà fa ìlà kan sí i nínú ìwé àwọn ọmọ tó pẹ́ dé, mo sì kọ "Ìdí" sí òkè rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé òun ni èdè ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn fúnra wọn ni yóò máa kọ ọ́, àti pé ẹni tó bá kọ òtítọ́ kò ní kúnlẹ̀. Ìjọba kọ́ ló ní kí n ṣe é, mi ò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá àgbà wa rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní ṣé mo ti ń rọ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀rín. Omi, omi, omi. Ìyá mi ní kí n gbá ọjà. Bàtà mi já. Ṣùgbọ́n bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, àwọn ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí yọ láàárín wọn: ọkùnrin kan dá wa dúró, ó béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ wa ní ibùsùn, a rí ọ̀kadà mẹ́ta tí kò ní nọ́ńbà lẹ́bàá odò, àwọn bọ́ọ̀sì yípo torí pé wọ́n ń yìnbọn níwájú. Mo ń kọ wọ́n sí ìwé mìíràn pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Àṣìṣe tí mo ṣe níbẹ̀ kò kéré, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Mi ò kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ irú ohun tó yẹ kí wọ́n kọ, nítorí náà àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí kọ "Fúlàní" bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìròyìn. Ọmọkùnrin darandaran kan wà ní JSS 1, ọmọ jẹ́jẹ́ tó mọ ìsọdipúpọ̀ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ìnagijẹ tí mi ò ní kọ síbí, ó sì dá wíwá dúró. Nígbà tí mo lọ bá bàbá rẹ̀ ní ibùdó wọn, ó sọ fún mi ní Hausa pé àwọn agbébọn kan náà tí à ń sá fún ti kó màlúù òun lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì pa ẹ̀gbọ́n òun. Kò sí ẹni tó mọ ipa ọ̀nà inú igbó yẹn tó ọkùnrin náà, ìwé mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ọ̀tá wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ ní ìdúró òwúrọ̀ pé kí wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí: ọ̀kadà mélòó, ibo, aago mélòó, kí ni wọ́n béèrè; ẹni tó bá kọ ẹ̀yà, mo máa ń ní kó pa á rẹ́ kó tún un kọ. Ọmọ náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ kò tún jókòó sí iwájú bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2022, gbogbo ohun tí à ń sọ lábẹ́lẹ̀ di ọ̀rọ̀ rédíò. Wọ́n kọlu agbègbè Sheda àti Lambata ní Kwali, ìjọba àpapọ̀ sì ní kí àwọn òbí wá kó ọmọ wọn kúrò ní Federal Government College, Kwali. Mo rí àwọn ọkọ̀ òbí tí wọ́n tò lọ sójú títì, àwọn ọmọ tí wọ́n gbé àpótí lórí, àwọn ìyá tí wọn kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Tiwa kò ní ibùsùn, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò wá kó ọmọ kankan. Àwọn ọmọ wa kàn fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé tó wà nínú igbó kan náà.

Ìgbà yẹn ni àwa olùkọ́ mẹ́fà kọ lẹ́tà wa àkọ́kọ́. Ojú ewé mẹ́rin ni. A bú gbogbo èèyàn nínú rẹ̀, a fi ẹsẹ ìwé mímọ́ mẹ́ta sí i, a sì sọ pé wọ́n ti pa wá tì, òtítọ́ sì ni. A kò rí èsì. Èkejì ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo ni, a kọ ọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2023, èmi ni mo sì jókòó tì í bí ẹni ń ṣe ìṣirò: ọgbà tó wó jẹ́ ẹsẹ̀ méjìdínláàádọ́rin, mo fi ẹsẹ̀ mi wọ̀n ọ́n, nǹkan méje tí àwọn ọmọ rí láàárín oṣù mẹ́fà rèé, ọjọ́ rèé, ibi rèé, ohun mẹ́ta tí à ń béèrè rèé. A fún ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́, ọlọ́pàá, àjọ Sífú Dífẹ́ǹsì àti Máì-Ángúwà, olórí àdúgbò, ní ẹ̀dà, a sì ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Ìfọwọ́sí yẹn ló ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí ìwé kan ní Abuja kì í fẹ́ kí wọ́n tún fi ìwé náà hàn án lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Ọ̀gá kan wá ní oṣù Kẹta, ó ní òun fẹ́ rí ìwé tí àwọn ọmọ ń kọ, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó kà á fún bí wákàtí kan, kò sì rẹ́rìn-ín sí omi àti bàtà.

Owó tó dé lẹ́yìn ìyẹn tó ogójì ẹsẹ̀ nínú méjìdínláàádọ́rin. Àwọn òbí fi búlọ́ọ̀kù àti ẹ̀gún parí ìyókù. Nínú gbogbo ìpàdé ọgbà yẹn, kò sí ẹni tó dìde láìpa òwe ògiri tó lanu àti aláǹgbá, débi pé ó sú mi gan-an; ọgbà dára, ṣùgbọ́n àkàbà kan ṣoṣo ti tó láti gun ún, èmi ò sì fẹ́ kí wọ́n torí rẹ̀ gbàgbé ohun kejì tí a béèrè, ìyẹn ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù tó sọ ẹni tí ẹnu géètì yóò pè, ẹni tí ẹni yẹn yóò pè, títí dé 112. Ìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ ó pẹ́ ju ọgbà lọ. Àjọ UNICEF sọ ní ọdún 2024 pé ìdá 37 péré nínú ọgọ́rùn-ún ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní ètò ìkìlọ̀ ṣáájú ewu, kò sì yà mí lẹ́nu.

Mo gbé ìwé nọ́ńbà náà lọ sí ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá tó máa ń wáyé ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù. Bàbá alága wa kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó ní, "Tíṣà, ìlú onílùú la wà. Bí onílé bá ń sọ̀rọ̀ ìbọn, ilẹ̀ ni àlejò ń wò." Ọ̀pọ̀ ló mirí sí i, mo sì mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó ń tú àṣírí àwọn agbébọn kì í pẹ́ kó tó rí àlejò lóru. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ táyà lẹ̀ ń ṣe ní oríta. Ọ̀kadà tí àwọn ọmọ mi rí lẹ́bàá odò, ta ló ń bá wọn fẹ́ táyà rẹ̀?" Ilé dákẹ́. Bàbá kò dá mi lóhùn níwájú èrò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà tẹlifóònù méjì tí wọ́n kọ sórí páálí sìgá, ó sì ní kí n má kọ orúkọ òun sí i. Mi ò kọ ọ́.

Ìbọn kejì tó wọ ìgbésí ayé mi kò ti inú igbó wá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọmọ kan kọ sínú ìwé pé òun pẹ́ nítorí pé ọ̀rẹ́ òun fẹ́ fi nǹkan bàbá rẹ̀ han àwọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ká ní ọdún 2021 ni, mo máa kọjá lórí rẹ̀. Mi ò pariwo, mi ò sì tú báàgì ẹnikẹ́ni níwájú kíláàsì. Mo kàn ní kí ọ̀rẹ́ náà bá mi ru ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá lọ sí ọ́fíìsì, kó sì gbé báàgì rẹ̀ dání. Ìbọn ìléwọ́ tí alágbẹ̀dẹ rọ ni, ọta méjì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó ní àwọn ọmọ SS kan ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ òun, òun kàn fẹ́ kí wọ́n rí i ni.

Bàbá rẹ̀ wà nínú àwọn fijilanté tó ń ṣọ́ wa lóru, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sì ń fi ìbọn náà sí. Ọ̀gá àgbà sọ fún ọlọ́pàá àti olórí fijilanté, wọ́n gba ìbọn náà. Láti ọdún 1959 ni òfin wa ti ka níní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ní kí wọ́n lé ọmọ náà lọ títí láé. Mo bá wọn jà lórí ìyẹn, nítorí pé ọmọ tí a bá lé pẹ̀lú ìtìjú ní agbègbè tí àwọn agbébọn ti ń wá ọmọ ogun, ibi tí yóò lọ kò jìnnà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní kó lọ lò nílé, wọ́n sì fìyà jẹ àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rántí títí mo fi béèrè.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó tẹ̀ lé e, mo sọ ohun tí àbúrò mi ti sọ fún mi: pé ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Secret Service yẹ ìkọlù 41 sí ilé ẹ̀kọ́ wò láàárín ọdún 2008 sí 2017, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ tó lo ìbọn ló mú un láti ilé òbí tàbí ìbátan wọn tó sún mọ́ wọn, àti pé ní California, òfin ti sọ ọ́ di dandan kí ilé ẹ̀kọ́ máa kọ̀wé sí òbí lọ́dọọdún lórí bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ìbọn sílé. Mo ní kí ọdẹ àti fijilanté tó bá ní ìbọn lọ́nà òfin ra àpótí onírin àti àgádágodo, kí ọta wà ní ibòmíràn, kí ọmọ má mọ ibi tí kọ́kọ́rọ̀ wà. Ọkùnrin kan bi mí pé bí ajínigbé bá kan ilẹ̀kùn lóru, ṣé àgádágodo ni òun yóò máa wá. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì rí èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn fún un. Èyí tí mo rí ni pé òru mélòó ni ajínigbé ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, ọjọ́ mélòó sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá ìbọn náà nìkan nínú ilé. Ó jókòó. Mi ò mọ̀ bóyá ó ra àgádágodo. Bàbá ọmọkùnrin yẹn rà á, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tó lé ní 200 ní Papiri ní ìpínlẹ̀ Niger ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ọmọbìnrin tí mo ní kó kúnlẹ̀ ní ọdún 2022 ti wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ó yà lọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kí mi, ó sì bi mí bóyá mo ṣì ń dúró ní ẹnu géètì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ojú sì tì í ju èmi lọ, ó ń sọ pé, "Ha, Ma, ẹ jọ̀wọ́."

Ìwé kẹjọ ni a wà báyìí. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọmọ mọ́kànlá ló pẹ́ dé. Mẹ́jọ lọ pọn omi, ìyá ẹnì kan bímọ lóru, bàtà ẹnì kan sọnù. Ẹnì kan kọ pé ajá kan tí òun kò mọ̀ rí so mọ́ igi lẹ́bàá odò, ó sì ń gbó, kò sì sí ẹni tó ni ín nítòsí. Mo pe nọ́ńbà kejì tó wà lórí páálí sìgá yẹn, wọ́n sì ti rán ẹnì kan lọ wo ajá náà.